Màmá Wolé-wolé àti Akọ Ìbẹ́pẹ Tó Gé

Ìwé pélébé tí wọ́n pín níbi ìsìnkú Màmá àgbà wa sọ ìlú tí wọ́n ti bí i, ilé ìwé tó lọ, àwọn ọmọ tó bí, àti ẹgbẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà. Àmọ́ mo kà á tán, mi ò rí Màmá níbẹ̀. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé obìnrin yìí kò lè kọjá lára ìkòkò tó ní ọmọrí kó má ṣí i. Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀, Bánkẹ́, tí mo gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni mo fẹ́ sọ èyí tí ìwé náà fò.

Wolé-wolé ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Odogbolu. Ẹni tó bá dàgbà díẹ̀ á rántí wọn: àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó máa ń wọ ilé onílé láàárọ̀, tí wọn á yọjú sínú àmù omi bóyá tanwíìjí ń jó nínú rẹ̀, tí wọn á wo ẹ̀yìnkùlé bóyá igbó ti kún. Wọ́n ní bí Màmá bá ti yọ ní ìkóríta báyìí, ìgbálẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ilé dé ilé. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn títí tó fi kú, Màmá Wolé-wolé.

Ìfẹ̀yìntì kò mú un jáwọ́. Tọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà nínú àpò rẹ̀ nígbà gbogbo, ọ̀sán gangan ni ó sì máa ń tàn án. Ó ń tàn án sínú àpò gààrì kó tó rà á. Ó ń tàn án sẹ́yìn ẹ̀rọ amúnǹkan-tutù àwọn ìyàwó ilé, ojú a sì máa tì wọ́n. Nígbà kan tí mo sìn ín lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà náà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Màmá, ó dáa, kò ga." Màmá ní kó yí ẹ̀rọ náà sí ọ̀dọ̀ òun. Ọkùnrin náà rò pé eré ni. Màmá kò dìde lórí àga títí ó fi yí i, tó sì tọ́ka sí nǹkan tó kà níbẹ̀. Bí a ṣe ń jáde ni mo ní, "Màmá, dókítà ni wọ́n o, wọ́n ti sọ fún yín." Ó ní, "Mo gbọ́. Àmọ́ mi ò tíì rí i nígbà yẹn."

Ìdí tí mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé mo fẹ́ tún ìdánwò àṣejáde ṣe. Bàólójì ló já mi kulẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì ni mo fẹ́ kọ́. Bàámi ti sọ ojú abẹ níkòó: bí mo bá tún feelì, kí n wá ẹni tó máa kọ́ mi ní iṣẹ́ aránṣọ. Ti ẹranko kò dà mí láàmú, ewéko ni wàhálà mi. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹni tó há àkọ́sórí ọjọ́ ìkórè, bí wọ́n bá sì ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, ó di kí n padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Màmá gbọ́ mi ní ọjọ́ kejì tí mo dé. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ó ní, "Kí ni o ń kà yẹn?"

Mo tún un kà fún un ní òyìnbó.

"Kí ló túmọ̀ sí?"

Mo tún ka ohun kan náà, mo kàn fà á díẹ̀ ni.

"Èyí tí o kà náà lo tún kà. Èmi náà gbọ́ òyìnbó, Bánkẹ́, ìjọba ni mo bá ṣiṣẹ́. Mo ní kí ni ó túmọ̀ sí? Bó ò bá lè sọ ọ́ ní Yorùbá kó yé mi, kò tíì yé ìwọ náà."

Bí ó ṣe di òfin nìyẹn. Nírọ̀lẹ́, tí a bá ti jẹun tán, màá kọ́ Màmá ní ohun tí mo kà ní ọ̀sán, ní Yorùbá. Kò mọ̀ jù mí lọ nínú rẹ̀ o. Ibi tí ó ti le gan-an nìyẹn, nítorí pé ẹni tí kò mọ nǹkan tí kò sì tijú láti béèrè, ìyà ni fún olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ isu ni a kọ́kọ́ fi jà. Nínú ìdánwò tó já mi kulẹ̀, wọ́n ní kí a ya àwọn tó jẹ́ gbòǹgbò sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó jẹ́ igi, ìyẹn ara ewéko tí ewé àti ẹ̀ka ń yọ lára rẹ̀. Mo da isu pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́. Ṣé ẹ̀bi mi ni? Nílé wa, isu ni gbogbo wọn. Isu ẹ̀gẹ́ là ń pè é, isu kókò là ń pè é, ohun tó bá ti wú nínú ilẹ̀ tó ṣeé sè, isu ni. Àṣé ìwé sọ pé gbòǹgbò ni ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n igi ni isu gidi. Nígbà tí mo sọ èyí fún Màmá, ó ní irọ́ ni.

"Igi wo? Igi tí mo ń gún níyán?"

Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó gbé ewùrà tó fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́ jáde, ó tún wá ẹ̀gẹ́ kan, ó tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ níwájú mi, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ó yí ewùrà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ti pẹ́ nílé díẹ̀, ó sì ti ń hù. "Èyí lójú," ni ó wí. Ó gbé ẹ̀gẹ́, ó wò ó títí. "Èyí kò lójú." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá yé èmi gan-an. Mo ní, "Màmá, bí wọ́n bá fẹ́ gbin isu, ṣebí isu náà ni wọ́n ń gé bí èbù? Àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́, igi òkè ni wọ́n ń gé, wọn kì í ri èyí tí a ń jẹ mọ́lẹ̀. Ohun tó bá lójú, igi ni, kódà kó wà nínú ilẹ̀." Màmá tún yí ewùrà náà wò. Kò fẹ́ràn kí wọ́n borí òun nínú àríyànjiyàn. Lẹ́yìn náà ó gbé ewùrà rẹ̀ padà sílé ìdáná, ó ní, "Ó dáa. Igi ni. Àmọ́ igi tó dùn ni."

Ìgbà tí a dé orí bí ewéko ṣe ń mọ̀ bí nǹkan bá fọwọ́ kàn án, mo mẹ́nu ba patanmọ́. Gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí ló ti ṣeré yẹn: a ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ewé kékeré náà, a ó ní, "Patanmọ́, ọkọ ẹ ń bọ̀," a ó fọwọ́ kàn án, á sì pa ewé rẹ̀ pọ̀. Màmá ló kọ́ mi nígbà tí mo kéré. Mo ní ìwé sọ pé ọwọ́ ló ń gbọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Kíá, Màmá ti dìde. Ó mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tó hù sí, ó ní kí n fọwọ́ kàn án láìsọ nǹkan kan. Ó pa ewé pọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ òmíràn, kò fọwọ́ kàn án, ó pariwo lé e lórí pé ọkọ rẹ̀ ń bọ̀, ó ti dé ìkóríta, ó ti wọlé tán! Àwọn ọlọ́kadà tó wà nítòsí ń wò wá. Ewé náà là sílẹ̀ gbagada, kò mira. Màmá nàró, ó gbọn ìdí ìró rẹ̀, ó ní, "A ti ń fi ọkọ halẹ̀ mọ́ ọn lásán látọjọ́ yìí."

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ní ọjọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n n kò ní sọ ọ́ bí ẹni pé ó rọrùn láti bá gbé. Màmá lè bá èèyàn jà. Ó bá aránṣọ jà lórí ọrùn bùbá, ó bá bàbá tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì jà pé agogo rẹ̀ ń sáré. Àwọn wọ̀nyẹn a máa parí. Èyí tí kò parí ni ti Àlàájà.

Àlàájà ni aládùúgbò wa. Ògiri ló pààlà sáàárín wa, ó sì ń ta abọ́ àti ìkòkò nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé rẹ̀. Kò tó Màmá lọ́jọ́ orí rárá, Màmá gbà á bí àbúrò. Igi ìbẹ́pẹ kan wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tí èso rẹ̀ dùn bí oyin. Lóṣù ààwẹ̀, èso yìí ni wọ́n fi ń ṣínu nílé wọn, abọ́ kan a sì máa kọjá sí ilé wa. Bí ó bá di Kérésì, tiwa á kọjá sọ́dọ̀ wọn. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wa, ìbẹ́pẹ kan wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n akọ ni. Ẹ mọ akọ ìbẹ́pẹ: á yọ òdòdó jọwọrọ tó ń rọ̀ sílẹ̀ lórí okùn gígùn, kò sì ní so. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún un. Àwọn kan á kan ìṣó mọ́ ọn, àwọn kan á bẹ́ orí rẹ̀ pé bóyá á di abo. Màmá kò ní irú sùúrù yẹn, ibẹ̀ ló sì fẹ́ gbé táǹkì omi sí. Ó mú àdá, ó gé e lulẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni òdòdó igi Àlàájà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù. Èyí tó bá gbìyànjú láti so kò ní ju ẹyin adìyẹ lọ tí á fi já bọ́. Ní ọjọ́ kan, lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, Àlàájà dá Màmá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. "Màmá, ẹ má bínú o. Kí lẹ ṣe sí igi mi? Láti ọjọ́ tí ẹ ti gé tiyín ni tèmi ò ti so mọ́." Kò yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu. Kò pè é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ìyá arúgbó ní irú ìbéèrè yẹn ládùúgbò wa, gbogbo èèyàn ló mọ ibi tó ń lọ. Màmá ní, "Ṣé àjẹ́ ni mo wá dà?" Àlàájà kò dáhùn. Àìdáhùn yẹn ni Màmá gbé lọ sílé. Abọ́ kò kọjá mọ́, nínú ààwẹ̀ tàbí Kérésì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti dárúkọ Àlàájà, gbólóhùn kan ni Màmá máa ń sọ: "Ọwọ́ mi mọ́."

Ọdún mélòó kan ló ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ òdòdó, kò sí nínú ọkàn mi rárá. Màmá ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní àwọn òdòdó kan wà tí akọ àti abo wà nínú wọn pọ̀. Àwọn igi kan sì wà, mo ní, tó jẹ́ pé igi kan á jẹ́ akọ, òmíràn á jẹ́ abo, akọ kì í so, ṣùgbọ́n òun ló ni lẹ́búlẹ́bú kan tó dà bí àtíkè. Bí oyin tàbí afẹ́fẹ́ bá gbé àtíkè yẹn dé orí òdòdó abo, abo á lóyún, á so. Mo ní àpẹẹrẹ tí ìwé fún wa ni ìbẹ́pẹ.

Ọwọ́ Màmá dúró nínú ẹ̀gúsí.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Bí àtíkè kò bá wá dé ọ̀dọ̀ abo ńkọ́?"

"Òdòdó rẹ̀ á rẹ̀ dànù ni, Màmá. Bí ó bá so rárá, á kéré."

Nígbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ. Mo wo ojú rẹ̀, mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ náà padà. Màmá gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́. Mi ò tíì rí i."

Láti ọjọ́ kejì ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Màmá mú agbòòrùn, ó mú mi dání, a sì ń ya ilé dé ilé bí ìgbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tanwíìjí ló ń wá. "Ẹ ní akọ ìbẹ́pẹ lẹ́yìnkùlé?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? A ti gé e tipẹ́." Ilé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti gé e. Ilé ìkángun, wọ́n ti kan ìṣó mọ́ ọn títí ó fi kú. Gbogbo àdúgbò ló ti gé akọ, abo tó sì kù níbẹ̀ ń yọ òdòdó lásán. Ó dájú pé tiwa, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni ó gbẹ̀yìn.

A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ayépé, sí ilé àbúrò Màmá. Níbẹ̀, akọ àti abo dúró papọ̀ lẹ́yìn ilé, abo sì so débi pé wọ́n fi igi tì í kó má bàa wó. Màmá ní kí wọ́n já òdòdó méjèèjì fún òun. Ó fi èékánná ya ti akọ, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè dúró sí èékánná rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ la ti abo, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, àwọn nǹkan funfun wínníwínní ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n ń dúró láti di kóró. Ó wò ó pẹ́. Àbúrò rẹ̀ bi í pé ṣé kò sí wàhálà o. Màmá ní kí wọ́n bá òun já òmíràn sínú ọ̀rá.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa bọ̀, Màmá kò sọ̀rọ̀, òun tó máa ń sọ fún awakọ̀ bí yóò ṣe wakọ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé kó tó la ẹnu. "Bánkẹ́, èmi ni mo ṣe é."

Bàámi ta kò ó. Ó ti ibi iṣẹ́ yà sọ́dọ̀ wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. "Màmá, ẹ má lọ o. Bí ẹ bá dé iwájú Àlàájà tí ẹ ní ẹ̀yin lẹ ṣe é, ta ló máa dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ òdòdó? Ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé Màmá Wolé-wolé ti jẹ́wọ́." Òótọ́ ló sọ. Ìyá arúgbó tó bá jẹ́wọ́ nílẹ̀ yìí, wọn kì í bi í léèrè ohun tó jẹ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo orúkọ tí Màmá ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ní, ọ̀sán kan péré lè bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti tutù, Bàámi ní, ẹ jẹ́ kó sùn.

"Ó ti tutù fún ẹ̀yin," Màmá ní. "Mo ń sọ fún Ọlọ́run ní ọjọọjọ́ Àìkú pé ọwọ́ mi mọ́. Kò mọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn sọ ọ́ ní ìdákọ́ńkọ́, láàárọ̀ kùtùkùtù."

"Ojú ọjà ló ti bi mí, ojú ọjà ni n ó ti dá a lóhùn. Bánkẹ́ ló máa ṣàlàyé." Ó yíjú sí mi. "Bó o bá ṣàlàyé rẹ̀ kó yé wọn, èmi ni ẹni tó gé igi. Bó o bá ń wí wótòwótò bí ìgbà tí o kọ́kọ́ dé, mo di àjẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ti jókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò rí, ẹ̀rù kò bà mí níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

A lọ lọ́jọ́ kejì lọ́sàn-án. Àwọn obìnrin méjì ń ná ìkòkò lọ́wọ́. Màmá ló kọ́kọ́ kí i, àgbà kí ọmọdé. "Àlàájà, ẹ kú ọjà o." Àlàájà dìde nídìí àga, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ń wo àwa méjèèjì. "Màmá, ẹ káàsán, mà."

"Ẹ bi mí nígbà kan pé kí ni mo ṣe sí igi yín. Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa, mi ò mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi ni mo ṣe é."

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà fi ìdérí ìkòkò sílẹ̀, ó bọ́ síta, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Èkejì gbé ọwọ́ lé àyà. Màmá kò wò wọ́n. Ó ta mí nígbọ̀nwọ́.

Gbogbo òyìnbó tí mo há sórí fò lọ. Mo tú ọ̀rá, mo kó òdòdó sórí tábìlì láàárín àwọn abọ́ tánńganran, mo sì bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún Màmá. Akọ rèé. Abo rèé. Àtíkè rèé, ẹ fọwọ́ kàn án, Àlàájà. Mo ní igi Màmá ni ọkọ igi wọn, kò sì sí ẹni tó mọ̀, kì í sì í ṣe Màmá nìkan ló gé e, gbogbo àdúgbò ló gé tiwọn, ti Màmá kàn gbẹ̀yìn ni.

Àlàájà wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, ó mú ọ̀pá, ó já òdòdó igi tirẹ̀ wá, ó tò ó ti àwọn ti Ayépé, ó sì ń wò wọ́n.

"Ta ló ń gbé àtíkè náà láti ọ̀dọ̀ akọ?"

"Oyin ni, mà. Afẹ́fẹ́ náà. Àti àwọn labalábá tó ń fò nírọ̀lẹ́."

"Wọ́n ń gba orí ògiri kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Àlàájà fọwọ́ kan àtíkè náà. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè. "Torí náà, Màmá, ẹ̀yin lẹ pa ọkọ igi mi."

"Èmi ni."

"Ẹ ò sì mọ̀."

"Mi ò mọ̀. Àmọ́ àìmọ̀ mi kò mú un so."

Omi lé ròrò sójú Àlàájà. Ó ní, "Èmi náà mọ ohun tí mo fi pamọ́ sínú ìbéèrè mi lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ ọ́, ẹ sì gbọ́ ọ. Ẹ foríjì mí." Màmá ní kò sí nǹkan. Ni Àlàájà bá nu ojú, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ yáa lọ wá ọkọ mìíràn fún un!" Obìnrin tó bọ́ síta padà wọlé, ó ní òun náà ní ìbẹ́pẹ kan nílé tí kì í so, ṣé kí n wá wò ó.

Ọkọ ìbẹ́pẹ kò rọrùn láti wá. A kó kóró wá láti Ayépé, Màmá gbìn wọ́n sí ìdí ògiri, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo títí wọ́n á fi yọ òdòdó. Màmá ń tan tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n láràárọ̀. Òun nìkan ni mo mọ̀ ní gbogbo Ìjẹ̀bú tó ń gbàdúrà kí ìbẹ́pẹ òun jẹ́ akọ. Nígbà tí ọ̀kan yọ òdòdó rẹ̀ tó sì rọ̀ jọwọrọ, ó pariwo gba orí ògiri, "Àlàájà! Akọ ni o! Akọ ni!" Ẹni tó ń kọjá lọ á rò pé wọ́n bímọ ọkùnrin nílé wa. Igi Àlàájà so lẹ́yìn ìyẹn.

Èsì ìdánwò mi ti jáde nígbà náà. Mo yege dáadáa, mo ti wọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo fi èsì náà han Màmá lórí fóònù, ó gba fóònù náà, ó kà á fúnra rẹ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n béèrè ìbẹ́pẹ?" Mo ní wọn ò béèrè. Ó ní, "Ó kù díẹ̀ káàtó fún wọn."

Màmá kò ṣàìsàn pẹ́. Ó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan lórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, kò jí mọ́. Mo sunkún, mo bínú sí i pé kò dúró kí n di nọ́ọ̀sì tán, kí n lè fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí n sì yí i sọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó béèrè.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn jókòó kún iwájú ilé. Mo ń gbé omi fún wọn nígbà tí mo gbọ́ obìnrin kan láti àdúgbò kejì tó tẹ̀ sí ẹnìkejì rẹ̀ létí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ tó. "Ṣé màmá tó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ igi nígbà yẹn nìyí?"

Bàámi gbọ́ ọ. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ohun tó ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ yẹn ló dé yìí, Màmá kò sì sí níbẹ̀ mọ́ láti dáhùn. Mo gbé omi sílẹ̀. Kí n tó la ẹnu, Àlàájà ti dìde láàárín àwọn ìyá tó jókòó, ìborùn rẹ̀ ti yọ̀ bọ́ sí èjìká, kò sì tún un ṣe.

"Ẹ gbọ́ mi. Ìbẹ́pẹ ní akọ, ó ní abo. Akọ kì í so. Àtíkè wà nínú òdòdó rẹ̀; oyin ló ń gbé e dé ara abo. Bí ẹ bá gé akọ, abo ò ní so. Màmá gé akọ tirẹ̀, tèmi kò so. Ohun tó jẹ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níbí lẹ ti gé akọ ìbẹ́pẹ rí, kò sí èyí tó wá bá mi nínú yín. Òun ló wá, lọ́sàn-án gangan, lójú àwọn oníbàárà mi, ó kó òdòdó dání, ó mú ọmọ ọmọ rẹ̀ wá kó ṣàlàyé." Ó wo obìnrin náà. "Àjẹ́ kì í ṣàlàyé."